Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ ní Èbúté: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ṣókí láti Orí Àrokò dé Orí Àtẹ̀jíṣẹ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni a mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń bi ara wa léèrè ibi tí ààbọ̀ kejì wà. Òwe náà kò sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ẹnikẹ́ni tí a bá rí. Ọmọlúàbí ni ó dárúkọ, ìyẹn ẹni tí inú rẹ̀ ti ní ohun tí yóò fi kún ọ̀rọ̀ náà kí ó tó di odindi. Bí inú olùgbọ́ bá ṣófo, ààbọ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò máa jẹ́ títí láé.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ gbé èrò tí ó díjú láti ibi kan dé ibòmíràn, láti ayé àrokò títí dé ayé fóònù alágbèéká. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó fi ṣe ojú ìwòye wa. Ohun tí ó mú wa yan ibẹ̀ ni pé èbúté ni Àpápá, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ṣókí ti wúlò tó èbúté, níbi tí àjèjì ti ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí àṣìṣe kan sì lè jẹ owó tàbí ẹ̀mí. Ajégúnlẹ̀ ni ó múlé tì í, orúkọ rẹ̀ gan-an sì jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí a ń sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ajé àti gúnlẹ̀, ni a so pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó máa ń gúnlẹ̀ yóò rí odò, yóò rí ọkọ̀, yóò sì rí ìrètí àwọn tí wọ́n wá ibẹ̀ wá iṣẹ́.

Àbá wa ni pé ohun méjì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ṣókí ró. Èkínní ni ohun tí ẹni tí ó ránṣẹ́ àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń kéré sí i ni àmì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń wúwo sí i. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gidigidi, àwa tí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ara iṣẹ́ wa.

Àrokò: Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní ọdún 1885, C. A. Gollmer tẹ àlàyé jáde nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìbárẹ́ àti ìpàdé. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìyapa àti ọ̀tá ni. Owó ẹyọ kan náà ni, iye kan náà ni. Bí a ti kọ ojú wọn nìkan ni ó yàtọ̀.

Bákan náà ni àwọn baba wa lo ìró ọ̀rọ̀ láti fi pa àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹẹ́fà àti fà jọ ara wọn lẹ́nu. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan. Òòyà sì ń sọ pé kí á yà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ka owó ẹyọ mẹ́fà, yóò sì rò pé owó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ní Ọ̀yọ́, nígbà tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ ọba, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọ́n máa ń gbé ránṣẹ́ sí i, ọba náà kò sì ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú iṣẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sí rárá, ṣùgbọ́n òfin, ìtàn àti ikú wà níbẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ó dára jù nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ìlù dùndún. Ohùn nìkan ni dùndún lè gbé jáde, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ohùn kan náà pọ̀ jántirẹrẹ. Nítorí náà, onílù kì í dá orúkọ ènìyàn nìkan lù kí ó dákẹ́. Ó máa ń fi oríkì kún un, kí olùgbọ́ lè mọ ẹni tí òun ń kì. Níbi tí àmì kò bá pé, ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gùn láti dí àlàfo náà. Kókó ni èyí, a ó sì padà sí i.

Àsíá lójú omi

Ní ọdún 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibùdókọ̀ ìgbàlódé mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ òkun ńláńlá ní Àpápá. Ní ọdún 1955 ni iṣẹ́ àbójútó èbúté bọ́ sí ọwọ́ àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún gbogbo èbúté Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ti ń gúnlẹ̀ sí wọ́ọ̀fù Àpápá, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn yé?

Àsíá ni ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń lò. Láti ọdún 1857 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ìwé àmì àsíá jáde fún àwọn ọkọ̀ oníṣòwò. Wọ́n tún un ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí ní ọdún 1965 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1969, èdè mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Àsíá kọ̀ọ̀kan dúró fún lẹ́tà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ odindi gbólóhùn. Bí ọkọ̀ bá ta àsíá G, ó ń sọ pé òun fẹ́ atọ́nà tí yóò mú òun wọ èbúté. Bí ó bá ta H, atọ́nà ti wà nínú ọkọ̀. B ń kìlọ̀ pé ẹrù eléwu wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ó wà ní èbúté bá ta P, kí gbogbo èrò padà sínú ọkọ̀, nítorí pé ó fẹ́ ṣí. Aṣọ kan péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀gákọ̀ láti Japan àti atọ́nà ọmọ Èkó kò nílò ògbufọ̀ láàárín ara wọn.

Àsíá Q, tí ó pọ́n bí ìyeyè, ni ó yẹ kí á fi ṣe ẹ̀kọ́. Ní ayé àtijọ́, àsíá aláwọ̀ yìí ń sọ pé àrùn wà nínú ọkọ̀. Nínú ìwé àmì tí a ń lò báyìí, ohun tí ó ń sọ ni pé ara àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ le, kí a jọ̀wọ́ fún wọn ní àyè láti wọlé. Ẹni méjì lè wo àsíá kan náà, kí ọ̀kan sá, kí èkejì sì ṣílẹ̀kùn. Àṣìṣe náà kò sí lára aṣọ. Ohun tí ó fà á ni pé ìmọ̀ àwọn méjèèjì kò dọ́gba.

Wáyà àti iye owó ọ̀rọ̀ kan

Ní ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun dé Èkó, tí ó so ó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ìwé inú ọkọ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbé lọ di ohun tí a lè gbé dé ibẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń san owó lé lórí, owó náà kò sì kéré. Ìgbà yìí ni àwọn oníṣòwò kọ́ bí a ti ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kù. Wọ́n yọ ìkíni kúrò, wọ́n yọ atọ́kùn àti asopọ̀ kúrò, ó ku orúkọ, iye àti ìṣe.

Nígbà tí èyí kò tó, wọ́n ṣe ìwé àdììtú. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí èyí tí Bentley tẹ̀ jáde ní ọdún 1906, ọ̀rọ̀ kan tí ó ní lẹ́tà márùn-ún dúró fún odindi gbólóhùn. Bí ẹni tí ó ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á bá ní ìwé kan náà, wọn yóò fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ṣe ìdúnàádúrà tí ìbá gba ojú ìwé kan. Ẹ kíyè sí i pé àrokò náà ni èyí, àyàfi pé inú ìwé ni ìmọ̀ àjùmọ̀ní wà dípò inú ènìyàn.

Ewu rẹ̀ kò pẹ́ fi ara hàn. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1887, oníṣòwò irun àgùntàn kan ní Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frank Primrose, tẹ wáyà sí aṣojú rẹ̀. Ó lo ọ̀rọ̀ àdììtú náà, bay, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òun ti rà. Nígbà tí wáyà yóò fi dé, ó ti di buy, tí ó túmọ̀ sí pé kí ó rà. Aṣojú náà bẹ̀rẹ̀ sí ra irun àgùntàn, Primrose sì pàdánù ohun tí ó lé ní 20,000 dọ́là. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ sì jáde ní ọdún 1894 pé kò lè gbà ju iye tí ó fi tẹ wáyà náà lọ, ìyẹn dọ́là kan àti sẹ́ńtì 15.

Kí ni ó wà láàárín bay àti buy? Nínú àmì Morse tí wọ́n fi ń tẹ wáyà, A jẹ́ tótó kan àti ìlà kan. U jẹ́ tótó méjì àti ìlà kan. Tótó kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Tótó kan ni ó jẹ 20,000 dọ́là. Ẹ jẹ́ kí á rántí èyí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún bi wá léèrè ohun tí tótó abẹ́ lẹ́tà wà fún.

Fóònù alágbèéká àti àyè 160

Ní ọdún 1985 ni ìjọba pa ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì di NITEL. Ní ọdún yẹn náà ni Friedhelm Hillebrand, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Jámánì, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ gbólóhùn lóríṣiríṣi, ó sì ń ka iye lẹ́tà àti àlàfo inú wọn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ kò tó 160. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo káàdì ìfìwéránṣẹ́ àti tẹ́lẹ́ẹ̀sì àwọn oníṣòwò pẹ̀lú, wọ́n sì rí i pé bákan náà ni. Bí wọ́n ti fi àyè 160 sí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù nìyí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1992 ni wọ́n fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ní oṣù Ògún ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká irú èyí dé ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní Ajégúnlẹ̀ bí ní ibi gbogbo, ẹni tí kò ní tẹlifóònù nílé rí wáì di ẹni tí ń fi ìka ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àyè 160 yẹn kì í ṣe ti gbogbo èdè. Nínú àtòjọ àmì tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà fi ṣe é, à, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí rárá. Bí a bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí yìí sínú iṣẹ́ tí a fẹ́ rán, gbogbo iṣẹ́ náà yóò bọ́ sórí ètò mìíràn tí kò gbà ju àmì 70 lọ. Bí iṣẹ́ náà bá sì gùn tí a pín in, 67 ni apá kọ̀ọ̀kan lè gbà. Lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́tà tí ó ní tótó nísàlẹ̀ àti ohùn lórí, bí ọ̀, sábà máa ń gba àyè méjì lójú ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ti dé jẹ́ 9 lójú wa pẹ̀lú àlàfo. 10 ni lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sọ ní àyè 160, Yorùbá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí ó sì ní àmì, yóò gba mẹ́ta ó kéré tán. Owó ni ó kọ́kọ́ lé àmì kúrò lórí fóònù. Ọ̀lẹ nìkan kọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ní Ajégúnlẹ̀ gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé, Oko ti de. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ wọ́ọ̀fù ni ó ń ṣe, ọkọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ aya ni, ó lè jẹ́ ọkọ. Bí ó bá ti ra irin iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ọkọ́ ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi owo ranṣẹ: ṣé owó ni, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Ọ̀rọ̀ gígùn kì bá má ní ìṣòro yìí, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò tọ́ òǹkàwé sọ́nà, gẹ́gẹ́ bí oríkì ti ń ṣe fún ìlù dùndún. Ọ̀rọ̀ ṣókí kò ní aládùúgbò tí yóò gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé àmì wúwo nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú ju bí ó ti wúwo nínú ìwé ìtàn lọ.

Lónìí, ohun tí ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi WhatsApp, kì í ka lẹ́tà gba owó mọ́, a sì lè tẹ àmì Yorùbá lórí fóònù. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2012, nígbà tí Twitter ṣì ń gba àmì 140 péré, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlòmíràn ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè fi hàn pé èdè náà yẹ ní ibẹ̀. Àwáwí owó ti lọ. Àṣà tí owó bí ni ó kù nílẹ̀.

Iyọ̀ àti omi gbígbóná

Ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ ọdún 2014 ni ẹni tí ó ní àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ní oṣù Ògún, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti fóònù dé fóònù, pé kí á fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu omi iyọ̀, àrùn náà kò ní mú wa. Irọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àrùn náà gan-an mú ènìyàn 20, ó sì pa 8, kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Kí ni ó mú kí iṣẹ́ èké yẹn yára tó bẹ́ẹ̀? Ó kúrú, ó sọ ohun tí a ó ṣe, iyọ̀ wà ní gbogbo ilé. Òtítọ́ nípa àrùn náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti sọ. Ó gba kí a mọ bí ó ti ń ràn, ẹni tí ó ń ràn, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú ẹni tí ó pa. Ní àdúgbò bí Ajégúnlẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Ìlàjẹ, Ùróbò àti ẹ̀yà mìíràn ti jọ ń gbé, a kò lè gbẹ́kẹ̀lé pé gbogbo ènìyàn ní ààbọ̀ kejì nínú. Ẹni tí yóò bá irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ṣókí gbọ́dọ̀ ṣe wàhálà tí onírọ́ kò ṣe: kí ó yan ohun kan tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ó sọ ọ́ kedere, kí ó sì jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó sọ ọ́. Iṣẹ́ iyọ̀ yẹn kò ní orúkọ baba. Àmì tí ó yẹ kí á kọ́ ọmọ láti wò nìyẹn.

Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn awakọ̀ tírélà fi ń tò sí ojú ọ̀nà Àpápá, tí wọ́n ń sun orí afárá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun wọ èbúté. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2021, àjọ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí ó ń fi ẹ̀rọ pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ibùdó rẹ̀ nígbà tí àyè bá kàn án. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ètò. A kò sọ pé gbogbo ìṣòro ọ̀nà náà tán ní ọjọ́ kan. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò kó gbogbo èrò náà já, Yorùbá ni wọ́n yà lò, lẹ́tà mẹ́ta péré.

Ohun tí ó kàn wá

Àwọn akẹgbẹ́ wa kan ń bẹ̀rù pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ṣókí, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò parun. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ibẹ̀ ni ewu wà. Òwe ni ọ̀rọ̀ ṣókí tí ó jinlẹ̀ jù tí a ní. Ọmọ tí kò bá mọ òwe, ìtàn àti àṣà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gùn láìnídìí, nítorí pé kò ní ohun tí yóò fi dúró fún ohun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Síbẹ̀, nínú àròkọ, iye ọ̀rọ̀ ni a máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn. A ṣọ̀wọ́n láti béèrè pé kí wọ́n gé e kù. Àròkọ ni ohun tí a rò kí a tó kọ ọ́, ìgbà tí a bá sì ń gé ọ̀rọ̀ kù ni a ń rí ẹni tí ó rò ó dájú.

Nítorí náà, a dá a lábàá fún ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò pé kí á máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn tàbí àlàyé ojú ìwé kan, kí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí a lè rán lórí fóònù, ní ọgbọ̀n ọ̀rọ̀. Kí á fún un ní máàkì lórí ohun mẹ́ta: ṣé kókó ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀; ṣé ẹni tí a ránṣẹ́ sí, tí kò sí nínú kíláàsì, yóò lóye rẹ̀; ṣé àmì ohùn àti ti abẹ́ lẹ́tà pé? Lẹ́yìn náà, kí á ní kí ó kọ iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ọ̀kan sí àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá ní Ajégúnlẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó gùn àti ibi tí ó ti yẹ kí ó kúrú.

Ìkádìí

A ti rí i pé àrokò, àsíá, wáyà àti àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Gbogbo wọn ń fi díẹ̀ gbé púpọ̀, gbogbo wọn sì ń kú bí ìmọ̀ àjùmọ̀ní bá kú tàbí bí àmì kan bá ṣubú. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti tọ́jú méjèèjì: kí ó fi òwe, ìtàn àti àṣà kún inú ọmọ, kí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lè rí ibi tí yóò ti di odindi, kí ó sì kọ́ ọmọ náà láti fi tótó sí ibi tí tótó wà. Bí a bá ṣe èyí, bí ẹnikẹ́ni bá ránṣẹ́ láti èbúté pé ọkọ̀ ti dé, kò sí ẹni tí yóò wá ọkọ lọ sí wọ́ọ̀fù.